Ìrírí àbí ẹ̀bùn? Ìfiwéra fún ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ní ìlú Atlanta, Ohio State wà níwájú Notre Dame pẹ̀lú àmì 31 sí 23 nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sáré. Ó ti tó 31 sí 7 tẹ́lẹ̀ kí Notre Dame tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bọ̀. Eré kò ku ìṣẹ́jú mẹ́ta mọ́. Ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin ni, yáàdì 11 sì ni Ohio State gbọ́dọ̀ rìn kí bọ́ọ̀lù má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ̀rù bá ń bà á ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré wọ àárín èrò, kí aago ṣáà máa lọ. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Will Howard, kọ́tàbáàkì (ẹni tó ń darí ìkọlù tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì fún ọdún márùn-ún, ju bọ́ọ̀lù gígùn sí Jeremiah Smith, ọmọ ọdún kìíní, ẹni ọdún 19. Yáàdì 56 ni wọ́n fi síwájú. Àmì mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, eré sì parí sí 34 sí 23.

Látìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn tó ní àgbà ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa lò ń tọ́ka sí Howard. Àwọn tó ní ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kò gbọdọ̀ jókòó ń tọ́ka sí Smith. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ní tèmi ni ibi tí Howard ti rí ìrírí rẹ̀. Kì í ṣe Ohio State. Ní Kansas State ni, lọ́dún 2020, nígbà tí kọ́tàbáàkì àgbà tó wà níbẹ̀ fara pa tí wọ́n sì ti ọmọ náà sórí pápá láìtọ́jọ́. Bọ́ọ̀lù tí alátakò hán mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún yẹn pọ̀ ju èyí tó di touchdown lọ, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá fún àmì mẹ́fà. Nígbà tó fi di 2022, ó ti wà lára àwọn tó gba ife Big 12, líìgì tí wọ́n wà, fún wọn. Kansas State ló san owó ilé-ìwé. Òótọ́ ni pé àwọn náà jẹ díẹ̀ nínú ìrẹsì ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ṣùgbọ́n Ohio State ló jẹ ẹran orí rẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí àgbà agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ọmọdé tí ẹnì kan fara da àṣìṣe rẹ̀. Nítorí náà, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó yàn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ipò wo ni mo ti lè san owó àṣìṣe yẹn, ipò wo ni kò sì ṣeé san?

Ohun tó yí padà

Títí di ọdún 1972, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kì í jẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà. Òfin ti bá wọn yan àgbà. Ní sáà 2025, ọdún márùn-ún ni agbábọ́ọ̀lù ní láti fi gbá sáà mẹ́rin, èyí tó ku ni wọ́n ń pè ní redshirt, ọdún tó fi ń jókòó kọ́ṣẹ́. Láti 2018, ó lè jáde nínú eré mẹ́rin láìpàdánù ọdún náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 yẹn náà ni transfer portal ṣí, ojúlé tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó di 2021, kò sí ìjókòó ọdún kan fún ẹni tó bá lọ nígbà àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n sì gbà kí ó máa rí owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Láti 2025, yunifásítì fúnra wọn lè san owó fún un. Ẹ fi ọdún kan tí wọ́n fún gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní 2020 kún un, nítorí kòrónà, ẹ ó sì mọ ìdí tí àwọn ọkùnrin ọdún 23 àti 24 fi kún orí pápá fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀bùn ní tirẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á wọ ilé òbí, á jókòó sí pálọ̀, á ṣèlérí. Àwọn tó ń díwọ̀n ọmọ ilé-ìwé gíga ti fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìràwọ̀ yẹn ń sọ bí ọmọ ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó, àti ohun tó ṣe sí àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ìràwọ̀ márùn-ún ni aṣọ. Àkísà ni eré tí ìyà ti jẹ ẹ́, ọwọ́ àrékérekè tí alátakò ti fi mú un rí, ariwo ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìlà iwájú: ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó

Èmi ò fi ibí yìí jiyàn. Àwọn márùn-ún tó ń dáàbò bo kọ́tàbáàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lágbára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 18 lè wọn kílò 136, kí ó ga bí igi àgbọn, síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ má tíì gbó. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lè jẹ́ ọkùnrin ọdún 22 tó ti ń gbé irin fún ọdún mẹ́rin, tí yunifásítì ń bọ́, tí dókítà ń tọ́jú. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí ọmọ tí wọ́n tì síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àmì ayò nìkan ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀, eegun ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ọ̀rọ̀ ojú àti ẹnu tẹ̀ lé e. Ẹni àárín ìlà, tí wọ́n ń pè ní center, ló máa ń wo bí alátakò ṣe tò, tó ń ké sí àwọn mẹ́rin tó kù nípa ẹni tí kálukú yóò dì mú, kó tó ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan lọ. Bí ó bá ké irọ́, kì í ṣe òun ló máa ṣubú, kọ́tàbáàkì ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò yìí àti èyí tó kù nìyẹn: ọmọ ló ṣe àṣìṣe, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé jáde.

Ẹ wo Olusegun Oluwatimi, ọmọ tiwa tó dàgbà ní Maryland. Air Force ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí Virginia, ó jókòó lọ́dún kan gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà yẹn, ó wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún sáà mẹ́ta. Nígbà tó dé Michigan lọ́dún 2022, ìlà iwájú wọn ti gba Joe Moore Award, ẹ̀bùn ìlà tó dára jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ní ọdún tó ṣáájú. Ó wọ àárín wọn, wọ́n sì tún gbà á. Òun fúnra rẹ̀ gba Rimington, ẹ̀bùn center tó peregedé jù, ó sì tún gba Outland, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù ìlà tó dára jù lọ. Michigan kò fara da àṣìṣe Oluwatimi rárá. Virginia ti bá wọn fara dà á.

Ọmọ Maryland míì ni Olumuyiwa Fashanu, tó gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Penn State mú un lọ́dún 2020, wọn kò sì kánjú. Eré tó kẹ́yìn sáà 2021 ni wọ́n tó fi í síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn sáà 2022, àwọn èèyàn ti ń sọ pé ìpele àkọ́kọ́ ìyàn ni NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, yóò ti mú un bó bá lọ. Ó ní òun ò lọ, ó padà fún ọdún kan sí i. Jets, ikọ̀ NFL kan, mú un ní ipò 11 ní 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjókòó ọdún kan àtààbọ̀ ń ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́, ẹ dárúkọ Fashanu fún un.

Kọ́tàbáàkì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi le. Ẹ jẹ́ ká gbé Alabama àti Clemson ọdún 2018 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún yẹn, nínú àṣekágbá, Georgia ti ń na Alabama ní 13 sí òdo nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama nígbà náà, yọ Jalen Hurts, tó ti gbé ikọ̀ náà dé àṣekágbá lọ́dún méjì léraléra, ó fi Tua Tagovailoa, ọmọ ọdún kìíní, rọ́pò rẹ̀. Alabama borí ní 26 sí 23 lẹ́yìn àfikún àsìkò. Bọ́ọ̀lù yáàdì 41 tí Tua jù sí DeVonta Smith, ọmọ ọdún kìíní bíi tirẹ̀, ló parí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n Hurts kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní sáà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di oṣù kejìlá, nínú àṣekágbá SEC, líìgì tí Alabama wà, ní pápá kan náà ní Atlanta, sí Georgia kan náà, Tua fara pa nígbà tí Alabama ń jìyà lọ́wọ́. Hurts bọ́ síta, wọ́n borí ní 35 sí 28.

Ní Clemson, Kelly Bryant ló gbé wọn dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní sáà 2017. Lẹ́yìn eré mẹ́rin péré ní 2018, Dabo Swinney, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fi Trevor Lawrence, ọmọ ọdún kìíní, rọ́pò rẹ̀. Eré mẹ́rin yẹn gan-an ni òfin tuntun gbà, nítorí náà Bryant kó ẹrù rẹ̀, ó lọ láìpàdánù ọdún kankan. Nínú eré tó tẹ̀ lé e, sí Syracuse, Lawrence fara pa. Àgbà ti lọ, ọmọ ti ṣubú. Chase Brice, tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀, ló gbé wọn rin yáàdì 94 kí wọ́n tó borí ní 27 sí 23. Clemson padà gba ife láìpàdánù eré kankan, wọ́n na Alabama 44 sí 16, Lawrence sì wà nínú ògo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo alẹ́ Syracuse yẹn bí Brice bá kọsẹ̀.

Swinney yàn dáadáa. Lawrence sàn ju Bryant lọ, gbogbo ojú ló sì rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí ọmọ náà jẹ́ kì í ṣe ohun tó wà lára rẹ̀ nìkan, àgbà tó bá lọ nítorí rẹ̀ wà nínú owó náà. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nípa sáà Lawrence yẹn: Christian Wilkins, Clelin Ferrell àti Austin Bryant, àwọn tó lè ti lọ sí NFL, ló padà wá dúró níwájú ìlà ìdáàbòbò Clemson. Bí ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù jù, àwọn yẹn ń gbà á padà fún un.

Ìwọ̀n tí mo máa lò níbí rọrùn. Bí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì bá kéré tó fi jẹ́ pé àwọn olùkọ́ ṣì ń jiyàn lé e lórí, kí àgbà máa gbá a. Bí ó bá pọ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn receiver, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí kọ́tàbáàkì bá jù, fúnra wọn ti ń wá ọmọ náà kiri níbi ìdánrawò, kí wọ́n gbé e fún un, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì lọ bá àgbà sọ̀rọ̀ lójúkojú kí ìròyìn tó dé etí rẹ̀ láti ibòmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìràwọ̀ tàn yín jẹ nípò yìí. Stetson Bennett wọ Georgia láìsí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Mississippi, ó padà. Lọ́dún 2021, ó gba ipò lọ́wọ́ JT Daniels tó jẹ́ oníràwọ̀ márùn-ún. Ife méjì léraléra ni Georgia gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tó gba èkejì.

Receiver àti cornerback: ẹ fún ọmọ láyè

Receiver ń gba bọ́ọ̀lù, cornerback alátakò ń ṣọ́ ọ. Níbí, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 18 sì lè ní wọn pé pérépéré. Jeremiah Smith gba touchdown 15 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Brock Bowers, tó ń gba bọ́ọ̀lù ní ipò tight end fún Georgia, gba 13 ní tirẹ̀ ní 2021. Derek Stingley hán bọ́ọ̀lù mẹ́fà mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́ fún LSU ní 2019, ọmọ ọdún kìíní ni, wọ́n sì gba ife. Bí receiver bá já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìgbìyànjú kan ló lọ, ìyókù ṣì wà. Ti cornerback léwu díẹ̀, nítorí àṣìṣe kan lè di àmì mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ipò safety, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá. LSU yẹn kan náà, Joe Burrow ló ń jù bọ́ọ̀lù fún wọn, ẹni tó ti jókòó pẹ́ ní Ohio State kó tó wá, tó sì wà ní ọdún karùn-ún rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kan, ọdún kan, ikọ̀ méjì

Texas ni, ọdún 2022. Texas A&M kó àwọn ọmọ tuntun tí 247Sports, ojúlé tó ń díwọ̀n àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga, fún ní àmì tó ga ju ti ikọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ti díwọ̀n rí lọ. Eré márùn-ún ni wọ́n borí lọ́dún náà, wọ́n pàdánù méje. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ti gba portal lọ kí wọ́n tó dàgbà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2023, yunifásítì náà lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Jimbo Fisher, àdéhùn tó wà láàárín wọn sì mú kí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là.

TCU ní Fort Worth náà ti borí márùn-ún tí wọ́n pàdánù méje, ṣùgbọ́n ní 2021 ni tiwọn. Ní 2022, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹlòmíràn síwájú Max Duggan, àgbà kọ́tàbáàkì wọn. Ẹni náà fara pa nínú eré àkọ́kọ́, Duggan padà sípò, wọn ò sì pàdánù eré kankan títí di àṣekágbá Big 12. Wọ́n na Michigan 51 sí 45, Michigan tí Oluwatimi wà níbẹ̀. Ó wá ku Georgia. Georgia nà wọ́n ní 65 sí 7.

Ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn ìrírí gba ẹ̀kọ́ 65 sí 7 yẹn láìfarapamọ́. Àgbà TCU pàdé àgbà Georgia, ṣùgbọ́n àgbà Georgia ti jẹ́ oníràwọ̀ mẹ́rin àti márùn-ún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ìrírí ń gbé ikọ̀ tí kò lẹ́bùn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀bùn tó gbó ló ń ṣílẹ̀kùn.

Mo gba èyí gbọ́ gan-an kí Indiana tó dé. Àwọn Yorùbá tó ti ń wo ikọ̀ yẹn láti ayé tí Adewale Ogunleye ń gbá fún wọn ní àwọn ọdún 1990 mọ̀ pé pípàdánù ni oúnjẹ ibẹ̀. Eré mẹ́ta péré ni wọ́n borí ní 2023. Curt Cignetti, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, dé láti yunifásítì James Madison, ó kó agbábọ́ọ̀lù 13 láti ibẹ̀ dání, ó sì sọ gbangba pé ohun tí ọkùnrin ti ṣe lórí pápá ni òun ń wò, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní ó lè ṣe lọ́jọ́ kan. Wọ́n borí 11 ní 2024. Ní sáà 2025, Fernando Mendoza, tó kọ́ṣẹ́ ní California, gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, fún wọn, wọ́n sì gba ife láìpàdánù eré kankan, 27 sí 21 sí Miami. Ó mú kí n yí ọkàn padà lórí bí ìràwọ̀ ṣe ṣe pàtàkì tó. Ohun tí kò yí ni ọ̀rọ̀ ta ló sanwó: James Madison àti California ti san án kí Cignetti tó kó èrè.

Ta ni ọ́?

Bí ó bá jẹ́ ikọ̀ ńlá lo ń darí, tí àwọn ọmọ ń wọ́ wá bá ẹ, fi receiver àti cornerback ọmọdé sórí pápá láti oṣù kẹsàn-án, jẹ́ kí ọmọ ìlà iwájú jókòó lọ́dún méjì, kí o sì lọ ra àgbà kan ní ibi tí ihò bá wà. Michigan ọdún 2023 àti Ohio State ọdún 2024 tún kọ́ wa pé àgbà tó ṣòro jù lọ láti rí ni tinú ilé rẹ tó ti fẹ́ lọ. Ohio State ti pàdánù sí Michigan ní 13 sí 10 nínú ilé ara wọn ní oṣù kọkànlá, wọ́n ti ń pariwo pé kí Ryan Day, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, máa lọ. Jack Sawyer, Emeka Egbuka, TreVeyon Henderson àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kọ NFL sílẹ̀ fún ọdún kan ló gbé ikọ̀ náà dìde.

Bí ikọ̀ kékeré bá ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ó sì ń ká mi lára. Ọmọ tí o bá tọ́ dàgbà, wọ́n á wá mú un. Má fi sáà kan gbáko kọ́ ọmọ ní kọ́tàbáàkì bí àgbà tó tó bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ. Wo àwọn ikọ̀ tó kéré sí tìẹ, bí Cignetti ti ṣe, kí o mú ẹni tó ti gbá eré 30 níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Ẹ̀yin òbí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sì wá jókòó sí pálọ̀ yín ní Maryland, ní Houston tàbí ní Atlanta, ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ó parí ìlérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ìlà iwájú ni ọmọ yín ń gbá, ẹ bi í pé ta ni center rẹ̀, eré mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò sì dúró ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ọmọ yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún kìíní bíi tirẹ̀ ni wọ́n máa jẹ́, ẹ ní kí ó jẹ́ kí tiyín jókòó lọ́dún kan ná.